Orúnkún Tí Mo Rí Nínú Fóònù

Goresbrook, Dagenham
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Kánádà kò tíì gé etí rẹ jẹ? Màmá rẹ kí ọ. Ó ti ra ìbọ̀sẹ̀ onírun tó nípọn jọ sínú páálí kan, ó ní òun máa fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo sọ fún un pé ìbọ̀sẹ̀ kún ilé ìtajà níbẹ̀, ó tún lọ ra sí i. Bí páálí náà bá dé, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì máa wọ̀ wọ́n sùn.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ tuntun yìí ló mú mi jókòó kọ̀wé. Nígbà tí o pè wá lórí fídíò lọ́jọ́ Ẹtì, o sọ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe amọ̀nà àgbà fún àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín. O ní láti ìsinsìnyí lọ, o kò ní máa tẹ̀lé àwọn oníbàárà lẹ́yìn láti gbé ẹni tó bá ṣubú dìde mọ́. Iwájú ni wàá máa lọ, ìwọ ni wàá máa yan ibi tí wọ́n máa gbà sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀mí wọn á sì wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn oníbàárà tìrẹ àkọ́kọ́ máa dé. Màmá rẹ pariwo ayọ̀ débi pé aládùúgbò wa gbá ògiri. Èmi náà ní, "Congratulations." O wò mí, o ní, "Daddy, ṣé inú yín ò dùn ni?" Mo ní inú mi dùn.

Inú mi dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ń fu mí. Mi ò lè sọ ohun tó ń fu mí lára lórí fóònù, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ìwọ á máa rẹ́rìn-ín, màmá rẹ á sì gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí mo bá parí, mo máa ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, mo máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Màmá rẹ rò pé ìjábọ̀ ibi iṣẹ́ ni mò ń kọ. Má ṣe sọ fún un.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ géètì ní ọgbà tírélà tó wà ní Castle Green, ìfura ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi. Bí dírẹ́bà kan bá ń rẹ́rìn-ín jù, mo máa ń lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Bí òmíràn bá pè mí ní "boss" kí n tó béèrè ìwé rẹ̀, mo máa ń ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá wa ní èmi nìkan ni mo lè fura sí ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe wo iṣẹ́ rẹ yìí. Mo wo iwájú rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fẹ́ kí o mọ ohun tí mo rí.

Àkọ́kọ́ ná, iṣẹ́ náà kò yé ẹnikẹ́ni níbí. Màmá rẹ ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ìjọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ròyìn rẹ̀ ló dà wọ́n lójú rú. Lónìí, bí mo ṣe ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Àkànní, àgbà ìjọ wa tí o mọ̀ dáadáa, fà mí lápá sùtánà.

"Congrats o, Daddy Moji! Wọ́n ní ọmọ yín ti di pilot. Wọ́n ní helicopter ló ń fly."

"Rárá, sir. Òun kọ́ ló ń fly ẹ̀. Ó kàn máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀ ni."

"Ó ń bọ́ sílẹ̀? Níbo?"

"Lórí òkè, sir. Inú snow. Òun àtàwọn customer ẹ̀. Wọ́n á wá so ski mọ́ ẹsẹ̀, ọmọ mi á sì kó wọn sọ̀ kalẹ̀."

Bàbá wò mí lọ, wò mí bọ̀. "Ṣé helicopter yẹn bàjẹ́ ni?"

Mo ní kò bàjẹ́. Ó ní kí ló wá dé tí kò gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ aríran dá sí i, ó ní òun rí ẹnì kan nínú aṣọ funfun tó ń sáré bọ̀ láti ibi gíga. Mo ní, "Mummy, gbogbo wa la wọ aṣọ funfun níbí o." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ mo ń rò ó títí mo fi délé, kí n tó rántí pé o ti sọ fún mi rí pé aṣọ pupa ni àwọn amọ̀nà yín máa ń wọ̀ kí wọ́n lè tètè rí yín nínú yìnyín. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní kí màmá rẹ ṣáà gbààwẹ̀ sí i.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn oníbàárà yẹn, torí àwọn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ta ni ẹni tó máa wọ hẹlikọ́pítà lọ sórí òkè tí kò sí ilé, tí kò sí títì, kó lè fi pátákó méjì tí wọ́n ń pè ní síkì yọ̀ bọ̀ wá sílẹ̀? Kì í ṣe òtòṣì. Ẹni tó rí já jẹ ni, tó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé nǹkan kan kò ṣeé ṣe. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, òun ló ń pàṣẹ. Nínú ilé rẹ̀, òun ló ń pàṣẹ. Á wá dé ọ̀dọ̀ rẹ, á rí ọmọbìnrin dúdú kan láti Dagenham, á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ, á ní ó dá òun lójú pé ẹ máa gbádùn ara yín. Fura sí ẹ̀rín yẹn. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni. Ó ti sanwó, ó sì ń rò pé òkè náà wà lára ohun tí òun rà.

Ẹ̀kejì, ìwé ẹ̀rí. Mo ka ìwé tí o fi ránṣẹ́ sí mi, èyí tó sọ ohun tí amọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ̀ àti ohun tó gbọ́dọ̀ máa ṣe. Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́nu géètì ni mo ti kà á, dírẹ́bà kan sì ń fọn fèrè fún mi, mi ò gbọ́. Mo ti rò pé ẹni tó bá ti mọ síkì yọ̀ dáadáa ni wọ́n ń gbà. Àṣé síkì yíyọ̀ ló kéré jù níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ níbi tí áńbúláǹsì kò lè dé. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi okùn fa ẹni tó já sínú ihò yìnyín jáde, bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ kí èémí rẹ̀ tó tán, bí wọ́n ṣe ń wo ìkùukùu àti afẹ́fẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá awakọ̀ hẹlikọ́pítà sọ̀rọ̀ lórí rédíò láìfi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ọdún lo fi kọ́ ọ, tí o ń fọ abọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kí o lè máa bá ẹ̀kọ́ náà lọ. Nígbà tí ilé ìwé rẹ kó yín lọ sí ilẹ̀ Faransé láti lọ fojú kan síkì, mo gbà kí o lọ torí mo rò pé kò ju ọ̀sẹ̀ kan náà lọ.

Mo gbà pé ìwé ẹ̀rí rẹ pé. Ṣùgbọ́n mo rántí ìdánwò tí o ti fìdí rẹmi, tí o pè mí, tí o ń sunkún. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. O ní ọ̀kan nínú àwọn tó ń dán yín wò ṣe bí oníbàárà. Àgbàlagbà ọkùnrin ni, ó ń bẹ̀ ọ́ pé kí ẹ gba ibì kan tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, o mọ̀ pé ibẹ̀ kò dára, o sì gbà fún un. Wọ́n ní o mọ yìnyín, ṣùgbọ́n o jẹ́ kí oníbàárà máa darí rẹ. O padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, o yege, gbogbo wa sì jó. Mi ò sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn. Ohun náà ni pé lẹ́ẹ̀kejì yẹn, o ti mọ̀ pé ìdánwò ni.

Hẹlikọ́pítà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù. Kò fi ara rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó ń pariwo, ó ń fẹ́ yìnyín sójú èèyàn. Ìwé náà ní ìwọ lo gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn oníbàárà kí wọ́n tó sún mọ́ ọn. Kí wọ́n kó síkì wọn jọ sílẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀ pọ̀ sójú kan bó bá ń balẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dìde títí awakọ̀ á fi júwọ́. Kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀yìn kọjá níbi tí abẹ̀bẹ̀ kékeré ti ń yí. Bí ilẹ̀ bá dagun, kí wọ́n má gba apá òkè, torí ibẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ ńlá ti sún mọ́ orí èèyàn. Fura sí ẹni tó bá ní òun ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ rí. Ní géètì wa, àwọn dírẹ́bà tuntun kọ́ ló ń kọlu irin ìdènà, àwọn tó ń wá lójoojúmọ́ ni. Tún un sọ fún onítọ̀hún, kódà bó bá ń yán.

Fura sí fóònù wọn pẹ̀lú. O ti sọ fún mi nípa ẹ̀rọ kékeré tí ẹ máa ń so mọ́ àyà, tó ń ké láìdákẹ́ kí àwọn yòókù lè fi tiwọn gbọ́ ibi tí ẹni tí yìnyín bò wà. O ní bí fóònù bá sún mọ́ ọn jù, ó lè máà gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ara rẹ̀ lórí òkè kò ní fẹ́ kí fóònù jìnnà sí òun. Jẹ́ kí wọ́n kọjá níwájú rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan láràárọ̀, kí o fi etí ara rẹ gbọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ní òun ti tàn án nínú yàrá, ní kó ṣì kọjá.

Ní ti yìnyín, ìwọ lo kọ́ mi. Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, o ní ẹ máa ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ láti wo bó ṣe tò léra, àti pé nígbà mìíràn, òkè rẹ̀ á le, á mọ́, á máa dán, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rí bíi gààrí gbígbẹ. Kò yé mi. O bá da gààrí sórí tíréè, o gbé àwo màmá rẹ lé e, o sì rọra gbé ẹ̀gbẹ́ kan tíréè náà sókè. Àwo náà dúró, ó dúró, ó kàn ṣàdédé yọ̀ lọ, ó fọ́ yángá nílẹ̀ kíṣìnnì. Màmá rẹ bínú torí àwo rẹ̀. Èmi ń wo gààrí. Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, tí yìnyín ń dán, tí gbogbo àwọn oníbàárà ń pariwo pé ó rẹwà, ọjọ́ náà gan-an ni mò ń fura sí jù fún ọ.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo mọ̀. Mò ń yí po kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni.

Ìwé yẹn sọ pé láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ hẹlikọ́pítà, gbogbo ẹ̀yin amọ̀nà máa ń jókòó yí tábìlì ká, ẹ máa ń dárúkọ gbogbo ibi tí èèyàn lè gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí gbogbo yín bá ní ó dáa, ẹ ṣí ibẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní rárá, wọ́n ti ibẹ̀ pa lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá a jiyàn, ì báà jẹ́ òun ló kéré jù nínú yín. Mo ka gbólóhùn yẹn, mo dúró. Mo mọ irú ilé tí a ti tọ́ ọ. Mo bi ara mi pé, ṣé ọmọ tèmi lè ṣe èyí?

Lọ́jọ́ Ẹtì tí o pè, o ti kọ́kọ́ ń sọ fún mi nípa ibì kan ní apá àríwá òkè yín. O ní o ti lọ gbẹ́ ihò níbẹ̀, ọkàn rẹ kò sì balẹ̀ sí i, pé afẹ́fẹ́ ti kó yìnyín tuntun jọ sórí gààrí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ nígbà tí bàbá òyìnbó onírùngbọ̀n funfun kan yọ lẹ́yìn rẹ. Òun ni Walter, ọ̀gá àwọn amọ̀nà yín, tí o ní gbogbo àwọn yòókù máa ń pe orúkọ rẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Ó ní, "Moji, the north side tomorrow. You happy with it?"

O dìde nínú àga. Orúnkún rẹ méjèèjì tẹ̀. O ní, "Yes, sir. It's fine, sir."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí o yé pe òun ní sir, ó sì jáde. O jókòó padà, ìwọ àti màmá rẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Màmá rẹ gbá mi lápá, ó ní, "Ẹ wo ọmọ mi! Even ní Canada, ó ṣì ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Thank you Jesus!" Omi ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ọkàn mi ṣì wà lára orúnkún rẹ nígbà tí o ròyìn iṣẹ́ tuntun náà, tí mo ní, "Congratulations." Ìgbà yẹn ni o bi mí bóyá inú mi ò dùn.

Lọ́jọ́ kejì, o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ìkùukùu bolẹ̀, pé hẹlikọ́pítà kò lè fò, pé ẹ jókòó ẹ ń mu tíì. Màmá rẹ, tó rí i pé mi ò sùn mọ́jú, ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i, nothing happened." Mojísọ́lá, ìkùukùu ló sọ "rárá" fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ yẹn, ìwọ kọ́. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ ńkọ́?

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Mo tilẹ̀ fura sí bàbá yẹn fúnra rẹ̀, pé bóyá ó fi ọ́ síwájú torí o kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un rò, mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀. Ó bi ọ́ torí o ti lọ gbẹ́ ihò níbẹ̀, òun kò lọ. Ó béèrè ohun tí o mọ̀ lọ́wọ́ rẹ, o fún un ní ọ̀wọ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kó èèyàn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, orí "it's fine, sir" rẹ ló máa dúró lé.

Ta ló wá kọ́ ọ? Èmi ni. Láti kékeré rẹ ni mo ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tí o wálé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Àkànní ní kí o fi ọkọ̀ mi gbé àwọn akọrin lọ sílé wọn ní Barking Riverside. Wọ́n ju ìjókòó ọkọ̀ náà lọ. Mo rí i tí o ka orí wọn. O wo ọkọ̀, o wò mí, mo mi orí sí ọ, o ní, "Ó dáa, sir," o sì kó wọn lọ bẹ́ẹ̀, tí àwọn kan ń jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀. Ìwọ, tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ ìtọ́jú ẹ̀mí èèyàn. Àwọn àgbà ìjọ bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní mo tọ́mọ. Orí mi wú. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Mo ti rí irú rẹ̀ rí ní Ẹ̀pẹ́, kí n tó mọ̀ pé mo máa fojú kan Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti di géńdé nígbà náà, mò ń bá oníṣòwò aṣọ kan ṣiṣẹ́, a sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi Ràímì sọdá ọ̀sà. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀sà náà tó Ràímì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà, Ràímì wo omi, ó ní ká dúró díẹ̀. Olóyè kan wà láàárín wa tó ń kánjú lọ síbi ìsìnkú lódìkejì. Ó ní, "Ṣé èmi lò ń sọ pé kí n dúró?" Ràímì dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá," ó sì tú okùn ọkọ̀. Gbogbo wa wọlé, èmi náà wọlé.

Ọkọ̀ náà dojú dé kí a tó dé àárín. Àwa tí a lè lúwẹ̀ẹ́ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi wá kó wa. Olóyè kò jáde. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí etí omi, àwọn ọmọ rẹ̀ kò béèrè ohun tí bàbá wọn sọ. Ràímì ni wọ́n dì mú láṣọ. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o mọ omi, kí ló dé tí o gbà?" Ó ní, "Àgbà ni wọ́n." Wọ́n tún béèrè, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ èsì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Kò wa ọkọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò nílùú náà.

Àjọkẹ́ mi, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ọ mú láṣọ, kí o máa sọ pé àgbà ni wọ́n. Mi ò sì fẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ wà lábẹ́ yìnyín pẹ̀lú wọn, torí o ní ẹni tó wà níwájú ló máa ń kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀. Nítorí náà, èmi tí mo fi ìkúnlẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, mo gbà á padà níwọ̀n ìgbà tí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí hẹlikọ́pítà bá ń balẹ̀, kúnlẹ̀. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ. Bí ó bá jẹ́ rárá, sọ pé rárá, kí o sì pa ẹnu dé. Má fi "ẹ má bínú" ṣáájú rẹ̀, má fi "sir" parí rẹ̀, má wá àwáwí tí wọ́n lè bá ọ dúnàádúrà lé lórí. Wọ́n lè fajú ro. Wọ́n lè ní àwọn ò ní padà wá mọ́. Jẹ́ kí wọ́n délé lọ fajú ro. Bí ẹnikẹ́ni níbí bá ní mi ò tọ́ ọ dáadáa, rán an sí mi ní géètì.

Ó ku ohun kan. Àwọn oníbàárà rẹ máa dé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, mo máa pè ọ́ lórí fídíò. Mo máa wọ sùtánà mi, màmá rẹ máa jókòó tì mí, mi ò ní rẹ́rìn-ín. Mo máa sọ fún ọ pé, "Mojísọ́lá, èmi bàbá rẹ ni mo ní kí o fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kí o máa bọ̀ nílé."

O lè máa rò pé ìdánwò ni, pé o ti mọ èsì rẹ̀, bíi ti ìgbà kejì tí o ṣe ìdánwò amọ̀nà. Kì í ṣe ìdánwò. Ohun tí mo fẹ́ gan-an ni mo máa sọ. Mo fẹ́ kí o wálé. Mo fẹ́ kí o wá ṣiṣẹ́ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí n máa gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ lára ilẹ̀kùn. Mo máa fi ọjọ́ orí mi bẹ̀ ọ́. Màmá rẹ kò mọ nǹkan kan nípa lẹ́tà yìí, àyà rẹ̀ máa já, ó sì ṣeé ṣe kó sunkún, omijé gidi. Kò sí oníbàárà tó máa le tó wa.

Bí o bá ní, "Yes, sir," mo máa ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ lọ́jọ́ náà, wàá máa bọ̀ nílé lóòótọ́, torí ẹni tí kò lè kọ̀ fún mi láti inú fóònù kò ní lè kọ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí òkè. Inú mi máa dùn pé o wálé. Bí o bá ní, "Rárá," á dùn mí, á dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo máa lè sùn.

Nígbà tí mo bá pè, má gbé fóònù sún mọ́ ojú bí o ti máa ń ṣe. Gbé e jìnnà díẹ̀, kí n lè rí orúnkún rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ ń jẹ lọ́kàn.